Kọntiráàtì Olùkọ́ Yunifásítì Kò Sọ Bí Ó Ti Mọ̀wé Tó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ ní Àjàṣẹ́, tí mo sì ń gbọ́ ní Kétu bákan náà: wọ́n ní bí olùkọ́ yunifásítì bá mọ̀wé lóòótọ́, wọn ò ní fi í sórí kọntiráàtì. Lójú wọn, ẹni tó wà lórí kọntiráàtì ni ẹni tí CAMES, àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò, dá ìwé rẹ̀ padà, tàbí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò jinlẹ̀. Irọ́ ni, ó sì ń pa àwọn ọ̀dọ́ wa lára. Ọmọbìnrin kan láti Kétu, tó ti gba ìwé-ẹ̀rí dókítà, rí lẹ́tà gbà láti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Ipò assistant teaching professor, olùkọ́ tí kíkọ́ni jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fún un, kọntiráàtì ọdún mẹ́ta tí wọ́n lè tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kó má lọ: "Vacataire, olùkọ́ tí wọ́n ń san owó wákàtí fún, ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dà níbẹ̀." Gbogbo ilé sì gbè é lẹ́yìn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní Bẹ̀nẹ̀, gbogbo wa la mọ àkàbà ipò olùkọ́ yunifásítì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè: assistant, maître-assistant, maître de conférences, professeur titulaire. CAMES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ouagadougou, ló ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ gun àkàbà yìí wò. Ní ti òfin, ìṣègùn àti ètò ọrọ̀ ajé, ìdánwò ìdíje tí wọ́n ń pè ní agrégation tún wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wọ̀nyí ni vacataire wà, ẹni tó ń kọ́ni tí wọ́n ń ka wákàtí rẹ̀, tí owó wákàtí náà sì lè pẹ́ kó tó dé. Ojoojúmọ́ là ń rí àwọn méjèèjì nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan náà, la bá rò pé ohun tó yà wọ́n ni ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n CAMES kì í gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń wo àpilẹ̀kọ àti ìwádìí olùkọ́, ó ń sọ pé ó tó ipò kan tàbí kò tó o. Ìjọba àti yunifásítì ló ń ṣí àyè iṣẹ́. Bí wọn kò bá ṣí àyè, ẹni tó mọ̀wé jù lọ ní Kùtọnu yóò máa ka wákàtí kiri. Ní 1970 tí wọ́n dá yunifásítì tí a mọ̀ sí ti Abomey-Calavi lónìí sílẹ̀, òun nìkan ni orílẹ̀-èdè yìí ní. Lónìí, yunifásítì ìjọba mìíràn wà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà ní Kétu fúnra rẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pọ̀ sí i ju bí àyè iṣẹ́ ti ń ṣí lọ, vacataire ló sì ń dí àlàfo náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹnì kan fi jẹ́ vacataire, iye àyè tí wọ́n ṣí lọ́dún tó gba dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni lẹ́tà náà ti wá. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní tenure ni pé wọn kò lè lé olùkọ́ kúrò láìjẹ́ pé ẹ̀sùn ńlá wà, tàbí pé yunifásítì wà nínú ìṣòro owó tó le koko. AAUP, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1915, kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1940: ọdún tí wọ́n fi ń dán olùkọ́ wò kí wọ́n tó fún un ní tenure kò gbọdọ̀ ju méje lọ. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà tenure lè ṣe ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá yege, ó di ti ibẹ̀. Bí kò bá yege, ọdún kan péré ni wọ́n sábà máa ń fún un kó fi wá ibòmíràn lọ. Ọ̀nà tí àwọn ẹbí rò pé ó fọkàn balẹ̀ náà ní ibi tí ó ti ń já.

Mélòó ló wà ní òde tenure? AAUP ní ní 1987, nǹkan bí ìdá 47 nínú 100 àwọn olùkọ́ ni kò ní tenure tí wọn kò sì sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tó fi di 2021, wọ́n ti di ìdá 68. Ṣé ọpọlọ àwọn olùkọ́ Amẹ́ríkà ló jó rẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n? Owó ni. Olùkọ́ tó wà lórí kọntiráàtì kò wọ́n lọ́wọ́ yunifásítì tó ẹni tó ní tenure, ó sì rọrùn láti dín iye wọn kù nígbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá dín kù. Ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Wàńdò àti ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lè máa ta aṣọ kan náà.

Barack Obama kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní òfin ní Yunifásítì Chicago láti 1992 sí 2004. Lecturer ni, lẹ́yìn náà ó di senior lecturer. Kò fìgbà kankan wà lójú ọ̀nà tenure. Yunifásítì náà fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn pè é sí ipò tó wà lójú ọ̀nà tenure ní ìgbà mélòó kan, ó sì kọ̀. Ẹ tún wo Katalin Karikó, tó wá láti Họ́ńgárì. Ní Yunifásítì Pennsylvania, ní 1995, wọ́n já ipò rẹ̀ wálẹ̀, nítorí owó ìwádìí tí kò rí gbà. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí mRNA, ohun tó ń gbé ìtọ́ni fún sẹ́ẹ̀lì ara, sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló wà nídìí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tí wọ́n fi mRNA ṣe, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un pẹ̀lú Drew Weissman ní 2023. Nígbà tí ẹ̀bùn náà dé, adjunct professor, ipò tí kì í ṣe tenure, ni obìnrin yìí jẹ́ ní Pennsylvania. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá tó ń dá ọmọ dúró ní Kétu gbọ́ ìtàn yìí dáadáa.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1988 mú tenure kúrò fún gbogbo àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ tàbí tí wọ́n gbé ga láti November 1987. Ọ̀mọ̀wé Oxford tí wọ́n gbà lánàá kò ní i.

Ibi tí àṣìṣe wa ti pọ̀ jù ni pé a kó gbogbo ipò tí kì í ṣe tenure pọ̀ sójú kan. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Teaching professor ní àkàbà tirẹ̀: assistant, associate, lẹ́yìn náà ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún, kọntiráàtì sì sábà máa ń gùn sí i bí ó ti ń gòkè. Clinical professor wọ́pọ̀ ní ìṣègùn, nọ́ọ̀sì àti òfin, níbi tí olùkọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Professor of practice jẹ́ ẹni tó ti lókìkí nínú iṣẹ́ kan lóde kí ó tó wá kọ́ni. Research professor sábà máa ń jẹ nínú owó ìwádìí tó bá rí gbà. Bí owó bá tán, iṣẹ́ lè tán. Visiting professor, olùkọ́ àlejò, kì í sábà ju ọdún kan sí mẹ́ta lọ. Adjunct tó ń kọ́ni ni wọ́n sábà máa ń san owó rẹ̀ ní iye kíláàsì tó kọ́. Òun nìkan ló jọ vacataire wa.

Àwọn kan tilẹ̀ ní ààbò tó lágbára. Ní Yunifásítì California, lecturer tó bá ti kọ́ni fún ọdún mẹ́fà nínú ẹ̀ka kan, tí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò tí ó yege, ó di continuing lecturer: kọntiráàtì rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí mọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ló jà fún un.

Èmi ò sọ pé dídùn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí owó bá wọ́n, àwọn tó wà lórí kọntiráàtì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín kù. Ní ibi púpọ̀, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ gbígba olùkọ́ tuntun. Ọ̀nà green card, ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí, kan wà fún àwọn olùkọ́ pàtàkì, ó sì ń béèrè ipò tenure tàbí ojú ọ̀nà rẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ni. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ èyí kó tó di ẹrù. Ìṣòro iṣẹ́ ni ìwọ̀nyí, wọn kò kan ìmọ̀ olùkọ́.

Nítorí náà, ẹni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó kà á dé ìsàlẹ̀. Ọdún mélòó ni? Ta ni yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kíláàsì mélòó ni yóò kọ́ ní sáà kan? Ṣé owó oṣù mẹ́sàn-án ni iye tí wọ́n kọ, bí ó ti wọ́pọ̀ níbẹ̀, tàbí ti méjìlá? Ṣé ìtọ́jú ìlera wà níbẹ̀? Èyí tí mo kà sí jù lọ ni ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un bí wọn kò bá ní tún kọntiráàtì ṣe. Láti 1964 ni AAUP ti ń sọ pé kí olùkọ́ ọlọ́jọ́ kíkún gbọ́ kó tó di March 1 ní ọdún àkọ́kọ́, kó tó di December 15 ní ọdún kejì, kí ó sì rí oṣù méjìlá lẹ́yìn ọdún méjì. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí nínú lẹ́tà, kó kọ̀wé béèrè kó tó fọwọ́ sí i, torí ìgbà tí wọ́n ń retí ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jù.