“Kọ́kọ́” kì í ṣe “nìkan”

Ní ìpàdé àwọn onílé tí a ṣe kẹ́yìn ní àdúgbò wa, ní apá Májìdún ní Ìkòròdú, a ń sọ̀rọ̀ owó tí a fẹ́ dá fún ìyá àgbàlagbà kan tí omi ba gbogbo ohun tó wà nínú ilé rẹ̀ jẹ́, ni ọkùnrin kan bá dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní: “Ẹ̀yin èèyàn mi, bí iná bá jóni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n.” Àwọn kan mirí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó padà jókòó, kò sì dá kọ́bọ̀. N kò bínú nítorí owó tí kò dá, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lápò ẹlòmíràn. Ohun tó dùn mí ni pé ó fi òwe àwọn baba wa bo ìwà ahun rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwa àgbà tí a wà níbẹ̀ sì dákẹ́.

Gbogbo wa la mọ àwòrán inú òwe náà: iná ta sí bàbá lára, ó ta sí ọmọ náà lára, ọwọ́ bàbá sì kọ́kọ́ lọ sí ara tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń pa á lóde òní máa ń gbé mì kíákíá bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, ọ̀rọ̀ náà sì ni “kọ́kọ́”. Ẹni tó bá sọ pé òun kọ́kọ́ wẹ̀ ti jẹ́ kí a mọ̀ pé nǹkan mìíràn ṣì kù tí òun yóò ṣe. Ẹni tí iná ń jó ọwọ́ rẹ̀ kò lè fi ọwọ́ náà gba ọmọ sílẹ̀; ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ gbọn tara rẹ̀ ná, kí ó lè rí ọwọ́ gbọn tọmọ. Òwe náà kò sọ pé tara ẹni nìkan là ń gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá tọ́ ọkùnrin tó pa á yìí dàgbà?

Ó yẹ kí àwa tí a ń gbé ibi tí odò Ògùn ti ń wọ ọ̀sà mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju ẹni tó ń gbé orí òkè lọ. Nígbà tí òjò bá ti kún ìsédò Ọ̀yán, ìyẹn dáàmù tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, wọ́n á tú omi sílẹ̀, omi náà á sì máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ gba Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọ̀sà bá tún kún lákòókò kan náà, omi odò kò ní ríbi yà sí, á padà sẹ́yìn, á sì wọlé tọ̀ wá. Ìdí nìyí tí omíyalé fi lè bá wa lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, tí àlejò á máa bi wá pé níbo ni òjò ti rọ̀. Ní ọdún 2012, àgbàrá pa èèyàn 363 káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ní 2022, àwọn tó kú lé ní 600. Nọ́ńbà 112 àti 767 wà tí a lè pè ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì yẹ kí a pè é. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ìjọba tó já gba inú omi dé ọ̀nà àbáwọlé wa, ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri rẹ ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn “kọ́kọ́”, ẹ fi èyí náà kún un.

Ní ìlú Kobe ní ilẹ̀ Japan, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìdájí ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1995, tí èèyàn tó lé ní 6,400 sì kú, ẹbí àti aládùúgbò ló fi ọwọ́ ara wọn fa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó há sábẹ́ àwókù ilé jáde. Lẹ́yìn náà ni iná sọ. Ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Mano, àwọn èèyàn tò, wọ́n ń gbé korobá omi lé ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì bá iná náà jà, nígbà tí iná jó àwọn àdúgbò mìíràn nínú ìlú kan náà kanlẹ̀. Daniel Aldrich, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, tọ́ka sí ohun kan: ó ti pẹ́, láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969, tí àwọn ará Mano ti ń pé jọ láti gbógun ti èéfín àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà láàárín wọn. Wọ́n mọ orúkọ ara wọn, wọ́n mọ ẹni tó ní àkàbà, wọ́n mọ ilé tí arúgbó wà. Ìpàdé ọjọ́ Sátidé tí ẹ̀yin ń sá fún, tí ẹ ní àwọn aláìríṣẹ́ṣe ló ń lọ síbẹ̀, òun gan-an ni omi tí wọ́n fi bá iná wọn jà.

Àwọn kan gbà pé bí àjálù bá dé, èèyàn á di ẹranko, oníkálukú á máa tẹ ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2005, bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti nínú bọ́ọ̀sì ní London, èèyàn 52 sì kú. John Drury, onímọ̀ nípa ìwà àwọn èrò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá àwọn tó yè lẹ́nu wò. Wọ́n ní nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀ yẹn, àwọn tí wọn kò kíra rí ló ń di ojú ọgbẹ́ fún ara wọn, tí wọ́n sì ń tu ara wọn nínú, nítorí ewu kan náà ti sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò rán mi létí ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkó-ohun-ìjà-sí bú ní bárékè Ìkẹjà, tí ẹ̀mí tó lé ní 1,000 lọ, tí ọ̀pọ̀ sì rì sínú kánààlì ní Òkè-Afá. N kò gbàgbé, mo sì ń káàánú wọn títí dòní. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, ewéko ti bo ojú omi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tó ń dún àti ibi tó yẹ kí wọ́n sá gbà. Ìkà ọmọnìkejì kọ́ ló pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí alẹ́ ọjọ́ tí omi wọ ilé ìyá wa yìí. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, omi ti kọjá orúnkún, màmá náà dá nìkan di fìríìjì mú kí ó má baà dojú dé, àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́fà sì dúró lórí àtẹ̀gùn ilé tó kọjú sí i, wọ́n tan iná fóònù, wọ́n ń ya fídíò. Kí n tó bú wọn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé èmi náà dúró. Mo ń wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọnú omi. Ọmọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ló kígbe láti ẹ̀yìn pé: “Bàbá tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba ẹsẹ̀ fìríìjì yìí mú!” Bí ó ṣe pè mí báyìí, ara mi dìde. Ó pe ọmọ kan nínú àwọn oní-fóònù lórúkọ, ọmọ náà ki fóònù bọ àpò, òun náà sì sọ̀ kalẹ̀.

Nǹkan tó ṣe mí yìí kò ṣàjèjì. Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá méjì, Bibb Latané àti John Darley, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ sínú yàrá, wọ́n sì jẹ́ kí èéfín máa wọlé gba ara ògiri. Nínú àwọn tó dá nìkan wà níbẹ̀, 75 nínú 100 ló jáde lọ sọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà pẹ̀lú àwọn méjì tí wọ́n ti bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má mira, ẹyọ kan péré nínú mẹ́wàá ló dìde. Ojú ara wọn ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, ẹni tí àjálù bá bá, kí ó má kàn pariwo sí ọ̀pọ̀ èrò pé ẹ gbà mí. Kí ó pe orúkọ. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe pe orúkọ ẹni tó ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, tí kò bi í léèrè rí?

Àwọn baba wa ní àáró: ẹgbẹ́ á ro oko tèmi lónìí, wọ́n á ro tìrẹ lọ́la, ẹni tó bá sì jẹ àáró tí kò san, gbogbo abúlé ni yóò mọ̀. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀ fún iṣẹ́ tó bá ju agbára ẹnì kan lọ, olówẹ̀ á sì wá oúnjẹ fún àwọn tó bá a ṣe é. Èyí tí a ní nísinsìnyí ni ẹgbẹ́ WhatsApp, níbi tí èèyàn 140 ti ń tẹ “Ọlọ́run á ṣàánú” láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Òwe mìíràn wà tó yẹ kí n ti pa ní ìpàdé yẹn, ẹnu ni kò gbà mí láyè: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀gbẹ́ni alágbádá wa fa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ síwájú, ó sì da kọnkéré bo gọ́tà. Omi tí kò ríbi gbà ńbẹ̀ ló yí padà wọ ilé ìyá àgbàlagbà. Gbogbo wa la rí búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń kó o dé. A rí àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì. A kò sọ̀rọ̀, nítorí pé ó máa ń pín ìrẹsì lọ́dún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n fo ilé òun. Ìrẹsì kóńgò méjì la fi ra omíyalé. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má tún dá ìsédò lẹ́bi fún ti ọjọ́ yẹn, torí òjò lásán ló rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe dáadáa náà ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́ta ló ń wọ ilé ìyá náà lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ẹyọ kan, ògiri rẹ̀ sì tutù síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Fran Norris àti Krzysztof Kaniasty, ti ṣàlàyé pé ìrànlọ́wọ́ máa ń ya lu ẹni tí àjálù bá ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á gbẹ nígbà tí ìnira ṣì wà. Wọ́n sì rí i pé ẹni tí kò kàwé, tí kò lẹ́nu láwùjọ, ni tirẹ̀ máa ń kéré jù. Ẹ wo àdúgbò wa. Nígbà tí omi wọ pálọ̀ ọ̀gá kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ènìyàn tó lọ kí i kò níye, wọ́n tilẹ̀ bá a ra páńpù. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ fún gbogbo ọmọ yín, òun ni ẹ wá ń pa òwe fún.

Alága ti kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni alágbádá yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé tó ń bọ̀, ní aago méje òwúrọ̀, a ó fọ́ kọnkéré tó wà lórí gọ́tà náà. Kí ẹnikẹ́ni má rán ọmọ ọ̀dọ̀ wá dúró fún òun. Bí ọ̀gbẹ́ni náà bá fẹ́, kí ó kọ́kọ́ kó ọjà rẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, a ò ní bá a jà lórí ìyẹn. Tó bá kó o tán, kí ó bọ́ agbádá, kí ó wá gbé ṣọ́bìrì.