Ẹ Má Gbé Katakata Wọ Itẹ́ Òkú Yẹn

Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń dáwó katakata tí yóò tú itẹ́ òkú àtijọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì palẹ̀ kí ọdún tó dé, níhìn-ín lápá Kábà. Ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó dáwó.

Ohun tó ń dun àwọn èèyàn yé mi. Ọmọ ti Àbújá wálé, kò rí ojú sàréè bàbá bàbá rẹ̀. Ewé Akíntọ́lá ti bo gbogbo rẹ̀, pèrègún tí wọ́n fi ṣàmì ti ga ju èèyàn lọ. Ejò sì wà níbẹ̀, n kò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n onípákó àti àwọn tó ń sun èédú ti kó igi ńlá àyíká wa lọ. Èyí tó kù, inú itẹ́ òkú ló wà, torí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n gbé àáké wọbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo ẹyẹ láàárọ̀. Ẹlúùlú á máa ké nínú igbó Akíntọ́lá, ẹgà á máa pariwo lórí ọ̀pẹ.

Àgbìgbò ni mo fẹ́ràn jù. Bí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé, á wọ inú ihò igi, wọn á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ ọn, á ku àlàfo tín-ínrín. Ibẹ̀ ni akọ ti ń gbé èso àti kòkòrò fún un títí ọmọ yóò fi dàgbà díẹ̀. (Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ń gbọ́?) Kì í gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀ o, igi tó ti darúgbó ló ń wá. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ gbin tíìkì rọ́pò, ìgbà wo ni tíìkì fẹ́ ní ihò? Àwọn babaláwo sì ní ẹyẹ yìí ló ń gbé pósí kiri ilé onílé, kí pósí tó lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Níbo ló tún yẹ kó máa gbé?

Òwìwí ńkọ́? Ẹ ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Eku tó ń jẹ iṣu yín ló ń jẹ lóru.

Ẹ jẹ́ ká fi àdá ṣán ọ̀nà, ká fọwọ́ tu koríko orí sàréè, ká tún orúkọ kọ. Katakata kò mọ ewé Akíntọ́lá yàtọ̀ sí òkúta orí sàréè. Ẹ má sì dáná sí i lẹ́ẹ̀rùn. Ní Lọ́kọ́ja, àlejò ń lọ wo itẹ́ òkú àwọn òyìnbó, tiwa náà lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe tán, àdá méjì wà nílé mi.