Ẹni Bímọ Ọ̀ràn Ni Kó Pọ̀n Ọ́n

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nínú dánfó, rédíò dẹ́rẹ́bà ń ké tantan. Ọkùnrin kan pe wọlé sórí ètò, ó ní oògùn àwọn sójà tó ń gba ìjọba káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ju pé ká tún ti bodè mọ́ wọn, ká já iná wọn, kí ebi kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Èrò ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. A kì í gbé ọmọ ẹlẹ́kún kọ́ ará ilé kejì lẹ́yìn, ká wá ní ìyá ẹ̀ la bá wí.

Ta ló bímọ ọ̀ràn ní Niger? Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani, olórí ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ gan-an, ló ti Ààrẹ Mohamed Bazoum mọ́lé ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023. Ìbò ni wọ́n fi yan Bazoum. Ọ̀ràn ńlá ni, n ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù náà, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Ààrẹ wa Bọ́lá Tinúbú jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fún àwọn sójà ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dá Bazoum padà sípò. Bodè di títì. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó Niger tó wà ní báńkì àpapọ̀ àwọn tó ń ná sẹ́fà. Nàìjíríà já iná tó ti Birnin Kebbi lọ sí Niamey, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí wọ́n ń lò ní Niger, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Faransé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá owó ìrànwọ́ dúró, Báńkì Àgbáyé náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé inú òkùnkùn ni Tiani wá sùn? Ààfin kì í ṣaláìní jẹnẹrétọ̀. Aránṣọ tó ń fi iná jẹun lòkùnkùn bá, àti agbẹ̀bí tó ń wá tọ́ọ̀ṣì kiri lóru.

Ìyá kan wà tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Alálùbọ́sà. Ọmọ Kétu ni, ní ilẹ̀ Benin. Malanville, ní bodè Benin, ló ti ń ra àlùbọ́sà Galmi tí wọ́n bá kó wọlé láti Gaya ní Niger. Odò Ọya ló pín ìlú méjèèjì níyà, afárá kan ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n ti afárá yẹn, tírélà tò síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ọjà ìyá yìí sì wà nínú ọ̀kan lódìkejì odò. Díẹ̀ tó rí gbà, ọkọ̀ ọpọ́n ló fi gbé e kọjá lóru, iye tí ọlọ́kọ̀ bá pè ló san. Ó tú àpò kan níwájú mi. Òkè rẹ̀ dára. Ó wá ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, omi dúdú ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde, òórùn náà sì gba ìsọ̀ kan. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó ṣì le lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Àbúrò mi, ṣé Tiani ló ni àlùbọ́sà yìí ni?”

N ò rí èsì fọ̀.

Kí sì ni ìyà náà mú wá? Èrò kún pápá ìṣeré ní Niamey, wọ́n ń hó fún àwọn sójà, torí ẹni tí ebi ń pa, ẹni tó ti bodè mọ́ ọn ló ń rí, kò rí ẹni tó jí ìjọba gbé. Niger, Mali àti Burkina Faso kéde ní oṣù kìíní 2024 pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS. Oṣù kejì, ECOWAS fúnra rẹ̀ tú ọ̀pọ̀ nínú ìfòfindè náà ká ní Àbújá, Bazoum ṣì wà ní àhámọ́. Benin ṣí bodè tirẹ̀, Niger kọ̀, kò ṣí. Ní oṣù kẹta 2025, wọ́n búra fún Tiani fún ọdún márùn-ún.

Ẹni máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là ń wò. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ní Guinea, Ààrẹ Alpha Condé yí òfin ìlú padà ní 2020 kó lè dupò lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó ti bodè. Ọdún tó tẹ̀ lé e tí sójà lé e, ariwo ta. Ní Tógò, Eyadéma gba ìjọba ní 1967, ó kú ní 2005, ọmọ rẹ̀ Faure jókòó sórí àga náà. Ní 2024 wọ́n yí òfin ìlú padà láìbi aráàlú, Faure sì bọ́ sí ipò tuntun tí kò ní gbèdéke ní 2025. ECOWAS kò já iná ẹnikẹ́ni. Sójà tó fi ìbọn gba ìjọba àti alágbádá tó fi bírò gbà á, ṣé ọ̀kan kì í ṣe olè ni?

N ò ní kí ẹ má fìyà jẹ wọ́n. Ní Gáḿbíà, Ààrẹ Yahya Jammeh fìdí rẹmi nínú ìbò, ó kọ̀ láti lọ; òun gan-an ni ECOWAS dojú kọ, ó sì lọ ní oṣù kìíní 2017, ọjà àwọn ìyálọ́jà kò jẹrà nídìí ẹ̀. Àwa náà rí ti Abacha. Lẹ́yìn tí ìjọba rẹ̀ yẹgi fún òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa ní 1995, wọ́n yọ Nàìjíríà sẹ́yìn nínú Kọ́múńwẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi físà du àwọn èèyàn Abacha. Ìyẹn kò lé e lọ, ikú ló mú un, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n owó tó kó pamọ́, Swítsálándì nìkan dá ju 700 mílíọ̀nù dọ́là padà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ká ní wọ́n ti há owó yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó wà láàyè ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí, báńkì tí wọ́n kówó sí ni kí ẹ tì, ẹ fi bodè sílẹ̀. Ilé tí wọ́n rà sí òkè òkun, físà ìyàwó wọn, owó ilé-ìwé ọmọ wọn lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni kí ẹ di mú. Owó ìrànwọ́ tó ń bọ́ sápò ìjọba, ẹ dá a dúró; oògùn ibà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ tí alágbádá bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan òfin ìlú. Ìtìjú ni kí ẹ máa jẹun pọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń rú òfin, kí ẹ wá máa pariwo nígbà tí ìbọn bá dún.

Ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ìyá Alálùbọ́sà kò rí owó rẹ̀ gbà títí dòní. Ẹni tó bá tún fẹ́ pe rédíò pé ká ti bodè, kó kọ́kọ́ lọ jókòó tì í ní ìsọ̀, kó ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ àpò.