Ìjókòó gbọọrọ kọ́ ni oògùn àìsàn ọkàn

Bí bàbá bá ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, kíá ni àwọn ọmọ á gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ kó má baà gun àtẹ̀gùn, wọ́n á ní kó ṣáà máa sinmi. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Àmọ́ bí oṣù méjì bá fi lọ báyìí, ṣe ni àárẹ̀ tí wọ́n ń sá fún á máa pọ̀ sí i.

Àwọn dókítà pàápàá gba èyí gbọ́ rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń dá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀. Ní 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London: àrùn ọkàn kò mú àwọn kọ̀ndọ́ tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ já tíkẹ́ẹ̀tì tó bó ṣe mú àwọn awakọ̀ tó jókòó. Ní 1966, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí dá ọ̀dọ́kùnrin 5 tí ara wọn le dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Nígbà tí wọ́n tún wọn agbára àwọn kan náà lẹ́yìn 30 ọdún, ohun tí ọ̀sẹ̀ 3 yẹn bà jẹ́ pọ̀ ju ohun tí ọjọ́ orí bà jẹ́ lọ.

Ìdí ni pé ẹran ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kì í lè fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lò dáadáa, ọkàn á wá máa sáré láti fi ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i ránṣẹ́. Ọkàn tí ọ̀rá ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò ní agbára eré bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ dókítà. Ẹni tí àyà ń dùn níbi tó jókòó sí, tàbí tí ìrora rẹ̀ ń le sí i lójoojúmọ́, ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ, kì í ṣe ìrìn. Ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú 5 bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó máa fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un títí yóò fi pé 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Kó lè sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kó má lè kọrin. Ẹ má fi kíka ìlù ọkàn ṣe òṣùwọ̀n bí ẹ bá ń lo oògùn atenolol tàbí bisoprolol, torí wọ́n ń dín eré ìlù náà kù. Ẹ má dúró lójijì; ẹ fi ìṣẹ́jú 5 rìn jẹ́jẹ́ parí rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wọ́ sẹ́sẹ̀ kí òòyì sì kọ́ yín. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán yó, ẹ sinmi wákàtí méjì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ díẹ̀, torí òtútù ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Lórí korobá, àwọn ọmọ jàre: gbígbé omi kíkún tàbí títi mọ́tò ń múni sé èémí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì ga lójijì. Àtẹ̀gùn ni kí wọ́n dá padà fún bàbá, ní ìwọ̀nba bó ṣe ń lágbára.

Kí oògùn abẹ́ ahọ́n (GTN) wà lápò. Bí àyà bá há, ẹ dúró, ẹ jókòó, torí oògùn náà ń fa ìfúnpá wálẹ̀, kí ẹ tó fi ẹyọ kan sábẹ́ ahọ́n. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n máa gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó lo Viagra láàárín wákàtí 24 kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Inú ìgò tirẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò, bó bá sì pé ọ̀sẹ̀ 8, ẹ ra tuntun.