Kánádà Kò Gbọdọ̀ Fi Ohùn Rẹ̀ Dúnàádúrà

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù Hollywood bá ń ṣírò owó tí fíìmù wọn pa nílé, kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń kà. Owó tí wọ́n pa ní Toronto, ní Vancouver àti ní Halifax wà nínú owó ilé náà, bí ẹni pé kò sí ẹnubodè kankan láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ìṣirò lásán ni lójú oníṣòwò. Lójú tiwa, òun ló tú ọ̀rọ̀ Kánádà palẹ̀ jù lọ: orílẹ̀-èdè tó ní àsíá tirẹ̀, tó ní ilé aṣòfin tirẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń kà mọ́ yàrá inú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Donald Trump wá ń sọ ní gbangba pé kí Kánádà di ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta Amẹ́ríkà, inú bí àwọn ará Kánádà, ó sì tọ́ kí ó bí wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ fíìmù, ó ti pẹ́ tí ìwé owó ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó mú wa sọ̀rọ̀ ni òfin tí ìjọba Kánádà fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2023, èyí tí ó mú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta fíìmù àti orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Netflix àti Spotify, wá sábẹ́ àkóso kan náà tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ti wà tipẹ́. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ CRTC tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ pàṣẹ pé kí àwọn ńlá inú wọn máa mú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń pa ní Kánádà wá fún ìrànlọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti oníròyìn ilẹ̀ náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ lọ, ìjọba Amẹ́ríkà sì ka òfin náà mọ́ àwọn ohun tó ń dí òwò rẹ̀ lọ́wọ́. Ìpinnu tiwa ni pé Kánádà kò gbọdọ̀ gbé òfin yìí sórí tábìlì ìdúnàádúrà pẹ̀lú wàrà, igi gẹdú àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. A ń sọ èyí nítorí ohun tí a ti rí. Ní ìparí oṣù kẹfà 2025, Trump dá ìjíròrò òwò dúró nítorí owó orí tí Kánádà fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ju ọjọ́ méjì lọ, Kánádà ti yọ owó orí náà kúrò.

Ní 1969, Pierre Trudeau tó jẹ́ olórí ìjọba Kánádà nígbà náà sọ fún àwọn oníròyìn ní Washington pé gbígbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amẹ́ríkà dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bá erin sùn: bó ti wù kí ẹranko náà níwà pẹ̀lẹ́ tó, gbogbo bó ṣe ń mira ni yóò máa kan ẹni tó sùn tì í. Àwọn baba wa ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Kánádà ní nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn, Amẹ́ríkà ní bí 340 mílíọ̀nù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Kánádà kò gbé jìnnà sí ẹnubodè, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí púpọ̀ wọn ń sọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ a máa mọ ìgbà tí àlejò wọlé. Àwọn tí èdè wọn jọra lè máa wo ayé àlejò láti àárọ̀ títí di alẹ́ kí wọ́n má fura.

Àwọn àgbà Kánádà fura ní tiwọn. Ní 1929, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí rédíò rí i pé ohùn Amẹ́ríkà ló gba afẹ́fẹ́ orílẹ̀-èdè wọn kan, àbá wọn sì wà lára ohun tó bí CBC, ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti ìjọba, ní 1936. Ti fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì ń dùn wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí dọ́là Amẹ́ríkà wọ́n ní Kánádà, ìjọba rò ó pé kí òun dín owó tí Hollywood ń kó jáde kù, kí òun sì fi ìyókù gbé fíìmù ilẹ̀ òun dìde. Hollywood bẹ̀ wọ́n. Ní 1948, wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé kí ìjọba fi owó náà sílẹ̀, Hollywood náà yóò sì máa dárúkọ Kánádà nínú fíìmù rẹ̀ kí àwọn arìnrìn-àjò lè máa wá síbẹ̀. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Nínú fíìmù kan, wọ́n gbọ́ igbe ẹyẹ nínú òkùnkùn, wọ́n sì ní ẹyẹ láti Kánádà ni. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni àdéhùn náà fi wà, títí di òní olónìí, fíìmù Kánádà tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe kò tíì rí ibi jókòó dáadáa nínú ilé sinimá ilẹ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Toronto sì ń dúró bíi New York nínú fíìmù ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo ti orin. Ní 1971, CRTC pàṣẹ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún orin tí rédíò bá ń gbé sáfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ orin Kánádà. Ó ti di 35 lẹ́yìn náà. Kí òfin yìí tó dé, àwọn olórin Kánádà bíi Joni Mitchell àti Neil Young ní láti kó lọ sí California kí ayé tó gbọ́ wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé-iṣẹ́ orin gidi dìde nílẹ̀ náà, pẹ̀lú ilé ìgbohùnsílẹ̀, alágbàtà àti rédíò tó mọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú.

Òfin náà ní àbùkù, a kò ní bò ó. Ní 1991, Bryan Adams, ọmọ bíbí Kánádà, gbé àwo kan jáde tí òfin kọ̀ láti kà sí orin Kánádà, nítorí pé òun àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n jọ kọ àwọn orin inú rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, ó sì jàre. Wọ́n tún òfin ṣe lẹ́yìn náà. Òfin tó ń wo ìwé ìrìnnà tí kì í wo ohun tí iṣẹ́ náà ń sọ lè ṣìnà. Ṣíṣe àtúnṣe rẹ̀ ni ó yẹ, kì í ṣe kí wọ́n jù ú nù.

Àwọn kan ní kí olùwòran yan ohun tí ó bá wù ú. Àwa náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá tò síwájú ènìyàn ni ènìyàn ń yàn nínú rẹ̀, ẹni tó ń to ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí ní Kánádà. Ní oṣù kẹjọ 2023, nígbà tí òfin mìíràn ní kí Meta sanwó fún àwọn ilé ìròyìn, ilé-iṣẹ́ náà yọ gbogbo ìròyìn kúrò lórí Facebook àti Instagram ní Kánádà. Lásìkò kan náà ni iná igbó ń lé àwọn ará Yellowknife kúrò nílé wọn.

Québec, ẹkùn Kánádà tí wọ́n ti ń sọ Faransé, fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Èdè Faransé ni odi wọn, òfin èdè ti 1977 sì mú odi náà le. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ àwọn òṣèré tẹlifíṣàn tiwọn lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni Kánádà kò lè sọ̀rọ̀ ìpamọ́ àṣà kí ó gbàgbé àwọn onílẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé, tí ìjọba rẹ̀ kó ọmọ wọn sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń nà wọ́n nítorí pé wọ́n sọ èdè abínibí wọn. APTN, tẹlifíṣàn tiwọn, kò dé gbogbo orílẹ̀-èdè náà títí di 1999. Kí apá kan owó ìdá 5 yẹn máa dé ọ̀dọ̀ wọn láìyẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló kàn wá, àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Láti Brampton dé Calgary àti Winnipeg ni àwọn ìdílé Yorùbá ti ń tọ́ àwọn tí yóò jẹ́ ọmọ Kánádà. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó kàn wá bí ilé náà bá ní ohùn tirẹ̀. Àjọ NBC ní Nàìjíríà náà sì ní òfin lórí ìwọ̀n iṣẹ́ ilẹ̀ wa tí rédíò àti tẹlifíṣàn gbọ́dọ̀ gbé jáde. Bí Kánádà olówó bá gbà pé ìdènà òwò ni irú òfin bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò gbé ẹjọ́ náà wá lẹ́yìn rẹ̀.

Láti àdéhùn òwò 1988 pẹ̀lú Amẹ́ríkà ni Kánádà ti ń yọ àṣà sọ́tọ̀ kúrò nínú ohun tí a ń tà, bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Àdéhùn náà gba Amẹ́ríkà láàyè láti gbẹ̀san níbòmíràn, irin tàbí àgbàdo ló lè san án. Kí ìjọba Mark Carney, olórí ìjọba Kánádà, sọ fún àwọn ará ìlú ní kedere iye tí yóò ná wọn, kí ó sì san án.