Ìyá ọmọ ńkọ́?
Mo ka àpilẹ̀kọ kan tó sọ pé ẹ̀rín lásán ni àwọn fíìmù ìfẹ́ aláwàdà tí gbajúmọ̀ kan ti ń ṣàdédé di bàbá wà fún. N kò fara mọ́ ọn tán. Òótọ́ ni pé ó ń pani lẹ́rìn-ín bí ẹni tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún bá gbé páńpáàsì dání, tí kò mọ èwo ni iwájú, èwo ni ẹ̀yìn. Ìyá ọmọ ńkọ́? Ní Abẹ́òkúta níbí, kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ tí a ó sọ ọ́ lórúkọ, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì á ti jókòó, wọn á sì ti bi ọkùnrin náà bóyá ó gbà pé òun ló lọmọ, nítorí pé nínú àṣà wa, bí bàbá bá ti gba ọmọ, ó ti di ọmọ ilé nìyẹn. (Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà kọ̀ kí a tìtorí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́.) Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà aládìrẹ kan ní ọjà Ìtókù tó ń wo etí ọmọ, tó tún ń wo etí gbajúmọ̀, tí kò sì sọ nǹkan kan! Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé eré wa ti bẹ̀rẹ̀.