Àga Wọn Kì Í Ṣe Ti Ọ̀ṣọ́: Àwọn Tí Ó Ní Down Syndrome Nínú Ìgbìmọ̀ Alákòóso

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí àjọ kan tí kì í wá èrè bá yan ẹni tí ó ní Down syndrome, ipò kan tí a máa ń bí mọ́ ènìyàn tí ó sì máa ń mú kí ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ falẹ̀, sínú ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀, àṣehàn lásán ni àjọ náà ń ṣe. Ohun tí wọ́n rò ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè lóye ọ̀rọ̀ owó, pé kò lè dá ìpinnu ṣe, àti pé òbí rẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ kan ni yóò máa fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Àwọn ènìyàn rere, tí wọ́n fẹ́ràn àwọn tí ó ní Down syndrome dénú, wà lára àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, nítorí èrò tí ó bá ti inú ìfẹ́ wá kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Ẹnu ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń fa Down syndrome ni pé ènìyàn ní chromosome 21 (ọ̀kan nínú àwọn okùn tín-ín-tín inú ara tí ó ń gbé àbùdá ẹni) mẹ́ta dípò méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Faransé ṣe fi hàn ní ọdún 1959. Èyí máa ń kan bí iṣan ẹnu àti ahọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, etí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gbọ́ràn tó bí ó ti yẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ lè pẹ́ kí ó tó jáde, ó sì lè má já geere. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ṣèwádìí nípa èdè ti rí i léraléra pé ohun tí ó ń yé wọn nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sábà máa ń ju ohun tí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn sọ lọ. Wọ́n tún rí i pé ohun tí a kàn fi ẹnu sọ a máa tètè bọ́ mọ́ wọn lórí, nígbà tí ohun tí wọ́n fojú rí, yálà àwòrán tàbí ìwé tí a kọ ní kedere, máa ń dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo bí ọ̀pọ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣe máa ń rí: akápò yóò sáré ka iye owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, alága yóò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, kò sì ní dúró kí ó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ó kàn. Bí ẹnì kan kò bá rí nǹkan sọ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí a gbà ṣe ìpàdé ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Wọ́n ní ètò ìsúná yóò le jù fún un. Mélòó nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù ni ó lè ka ìwé tí olùṣàyẹ̀wò owó fi ránṣẹ́ láìsí ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀? A máa ń pe agbẹjọ́rò kí ó túmọ̀ òfin fún wa, a máa ń pe oníṣirò owó, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ìbò wa kì í ṣe tiwa mọ́ nítorí pé a gba ìrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ni láti béèrè ibi tí owó ń lọ, kí ó sì béèrè bóyá iṣẹ́ tí a ní à ń ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a torí wọn dá àjọ sílẹ̀. Bí àjọ bá ń náwó sórí ilé gbígbé, ẹni tí ó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ pé yàrá òun kò ní kọ́kọ́rọ́, tàbí pé ẹlòmíràn ni ó ń yan àkókò tí òun yóò sùn, ohun tí ìròyìn akápò kò ní sọ láéláé. Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún wa: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ìyẹn ni àwọn tí ó ń gbẹnu sọ fún ara wọn ti ń wí láti ìgbà tí ẹgbẹ́ People First, ẹgbẹ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà òye, ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2006, sọ nínú abala 29 pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú àwọn ẹgbẹ́ àti àjọ. Àwọn kan sì ti ṣe iṣẹ́ tí ó lágbára bíi ti ìgbìmọ̀ àjọ, tàbí tí ó jù ú lọ. Ángela Bachiller di ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú Valladolid ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 2013. Éléonore Laloux wọ ìgbìmọ̀ ìlú Arras ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2020. Ní ọdún 2023 Mar Galcerán di aṣòfin ní ilé aṣòfin ẹkùn Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì. Down syndrome ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní.

Àtakò kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn kan nínú wọn a máa gba ohun gbogbo tí a bá bi wọ́n, kí inú ẹni tí ó béèrè lè dùn. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá sí ẹni tí wọ́n ti ń bá pinnu ohun gbogbo láti kékeré. Àmọ́ ìbéèrè ni a lè tún ṣe. Dípò kí alága wí pé "Ṣé o gbà?", ó lè béèrè pé "Kí ni ìwọ yóò yí padà nínú rẹ̀?", kí ó sì dákẹ́ títí ìdáhùn yóò fi dé. Kí ìwé ìpàdé jẹ́ èyí tí a kọ ní gbólóhùn kúkúrú pẹ̀lú àwòrán, kí ó sì tẹ ọmọ ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó lè bá olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ jókòó lé e lórí. Olùrànlọ́wọ́ yìí kì í dìbò, kì í sì í dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í. Nínú àwọn ẹgbẹ́ kan, káàdì aláwọ̀ ni wọ́n ń lò: ẹni tí ó bá gbé pupa sókè ń sọ pé kí ìpàdé dúró, nítorí ọ̀rọ̀ kò yé òun. Ohun tí mo sì kà sí pàtàkì jù ni pé kí àwọn tí ó ní Down syndrome nínú ìgbìmọ̀ má ṣe jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni méjì lè wo ojú ara wọn kí wọ́n tó sọ pé àwọn kò fara mọ́ ọn.

Òbí lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan náà lórúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò rẹ̀ kì í ṣe ìbò ọmọ rẹ̀.

N kò sọ pé kò sí àjọ tí ó ń fi wọ́n ṣe àṣehàn. Wọ́n wà, àwòrán ẹni náà yóò wà níwájú ìwé ìròyìn wọn, orúkọ rẹ̀ kò sì ní sí nínú ìpinnu kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú èyí tí tirẹ̀ jẹ́ kò nílò ju àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún kan lọ: àbá wo ni ọmọ ìgbìmọ̀ yìí mú wá, èwo ni ó takò, ìgbà wo sì ni ìpinnu yí padà nítorí ohun tí ó sọ? Bí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, kí alága pè é kí ìpàdé tí ó ń bọ̀ tó dé, kí ó sì bi í ní ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́.